Mo fẹ́ fi orúkọ kọ́ńpìnì ra jíìpù oko: ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí owó-orí rẹ̀

Wakọ̀wọ̀gbẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi àti ìyàwó mi la jọ ni kọ́ńpìnì kékeré kan níbí ní Ìlú Ọba. Iṣẹ́ ọgbà oko là ń ṣe: à ń ri òpó, à ń ta wáyà yí ilẹ̀ àwọn tó ń sin àgùntàn ká, orí òkè Wales la sì ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù. Ọkọ̀ ara mi ni mo ti ń lò láti ọjọ́ yìí, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ó rì sẹ́nu géètì oko kan. Ẹrẹ̀ mu táyà dé ìdajì, ọgọ́fà òpó wà lẹ́yìn, mo tẹná títí, ńṣe ló ń walẹ̀ sí i. Katakata àgbẹ̀ ló fà mí jáde.

Mo wá lọ wo jíìpù kan, dísẹ́ẹ̀lì, oníjòókòó márùn-ún, £60,000 ni iye orí ìwé rẹ̀ pẹ̀lú VAT. Ọmọkùnrin tó ń tà á ní tí mo bá fi orúkọ kọ́ńpìnì rà á, kọ́ńpìnì á yọ gbogbo owó náà kúrò nínú èrè lọ́dún àkọ́kọ́, VAT á sì padà wá, torí pé ọkọ̀ oko ni. Èrè kọ́ńpìnì wa tó £90,000 kí owó-orí tó kàn án. Èmi ń gba £12,570 owó oṣù lọ́dún, pẹ̀lú £37,700 owó ìpín èrè. Mi ò ní purọ́ fún yín: màá máa fi gbé àwọn ọmọ lọ sílé ìwé, màá sì máa fi lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣé bí ọmọ yẹn ṣe sọ ọ́ náà ló rí?

Baba Píkọ́ọ̀pù

Ẹ rà á, ẹ̀gbọ́n. Ní 2022 ni mo fi kọ́ńpìnì mi ra píkọ́ọ̀pù onílẹ̀kùn mẹ́rin. Gbogbo owó rẹ̀ ni wọ́n yọ lọ́dún kan náà, VAT rẹ̀ padà sọ́wọ́ mi, owó tí mò ń san lórí rẹ̀ lọ́dọọdún ò sì tó nǹkan. Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn dá mi lójú.

Oníṣirò

Baba Píkọ́ọ̀pù, ohun tí ẹ sọ ṣẹlẹ̀ sí yín lóòótọ́. Ṣùgbọ́n irú ọkọ̀ tí Wakọ̀wọ̀gbẹ́ ń wò kọ́ lẹ rà, òfin tí ẹ rà á lábẹ́ rẹ̀ náà sì ti yí padà. Ẹ jẹ́ kí n tú u palẹ̀. Ìwé owó àwọn kọ́ńpìnì kéékèèké ni mò ń ṣe fún oúnjẹ òòjọ́ mi, mo sì ti rí ẹni tí irú jíìpù báyìí gbé sínú gbèsè.

Òfin owó-orí kì í béèrè ibi tí ẹ ń gbé ọkọ̀ lọ. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ló ń wò: ṣé ẹrù ni wọ́n dìídì ṣe é fún, àbí èèyàn? Jíìpù oníjòókòó márùn-ún tó ní fèrèsé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, ayọ́kẹ́lẹ́ ni lójú òfin, ì báà jẹ́ inú ẹrẹ̀ ló ń sùn tó ń jí. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ti yí.

VAT ńkọ́? Nínú £60,000 yẹn, £10,000 jẹ́ VAT. VAT orí ayọ́kẹ́lẹ́ kì í padà wá, àfi tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ nìkan ni ọkọ̀ náà wà fún, tí kò sì sí ẹni tó lè lò ó fún nǹkan tara rẹ̀. Ẹ sì ti dárúkọ ilé ìwé àti ṣọ́ọ̀ṣì.

Yíyọ owó rẹ̀ kúrò nínú èrè wá ńkọ́? Tó bá jẹ́ ọkọ̀ ẹrù, kọ́ńpìnì lè yọ gbogbo rẹ̀ lọ́dún tó rà á lábẹ́ ohun tí wọ́n ń pè ní AIA, tó gba ohun èlò iṣẹ́ tó tó £1,000,000 lọ́dún. AIA ò kan ayọ́kẹ́lẹ́. Ayọ́kẹ́lẹ́ tí èéfín CO2 rẹ̀ bá ti ju gíráàmù 50 lọ ní kìlómítà kan, 6% péré lẹ lè yọ lọ́dún, lórí iye tó bá ṣẹ́kù. Ti jíìpù dísẹ́ẹ̀lì ńlá máa ń lé ní 200. 6% nínú £60,000 jẹ́ £3,600. Pẹ̀lú èrè yín tó wà láàárín £50,000 sí £250,000, £100 tí ẹ bá yọ kúrò máa ń dín owó-orí kọ́ńpìnì kù ní £26.50. Ẹ ṣírò rẹ̀: £954. Ohun tí owó-orí kọ́ńpìnì á fi dín kù lọ́dún àkọ́kọ́ nìyẹn, lórí ọkọ̀ £60,000.

Ibi tó ti máa dun yín jù ò tíì dé. Tí kọ́ńpìnì bá fún olùdarí rẹ̀ ní ayọ́kẹ́lẹ́ tó lè lò fún ara rẹ̀, ìjọba á ka àǹfààní yẹn mọ́ owó tó wọlé fún un. Iye orí ìwé ọkọ̀ ni wọ́n á mú, wọ́n á fi ìdá kan tó bá èéfín rẹ̀ mu ṣe ìṣirò. Ti jíìpù yìí máa dé òkè pátápátá, 37%. £60,000 ní 37% jẹ́ £22,200. Lọ́dún owó-orí 2025/26, bí ẹni pé kọ́ńpìnì tún ka £22,200 lé yín lọ́wọ́ lórí ohun tí ẹ ń gbà tẹ́lẹ̀ ni.

Owó oṣù yín ti mu £12,570 tí ìjọba kì í gba owó-orí lé lórí tán, nítorí náà 20% lẹ máa san lórí £22,200 yìí: £4,440. Ṣùgbọ́n ó tún ti owó ìpín èrè yín sókè. £22,200 nínú £37,700 yẹn, tó jẹ́ 8.75% lẹ̀ ń san lórí rẹ̀ ní 2025/26, á fò sí 33.75%. Ìyẹn á fi £5,550 kún un. Àpapọ̀ rẹ̀, £9,990. Lọ́dún kan ṣoṣo, látinú àpò yín, lórí ọkọ̀ tí orúkọ yín ò sí lára rẹ̀.

Kọ́ńpìnì náà á san 15% lórí £22,200, ìyẹn £3,330, fún ìnṣọ́ránsì ìjọba tí wọ́n ń pè ní Class 1A. Tí kọ́ńpìnì bá sì ń ra epo tí ẹ fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á tún fi 37% ṣe ìṣirò lórí £28,200 ní 2025/26. Ìyẹn £10,434 mìíràn tí wọ́n á kà mọ́ owó tó wọlé fún yín, kódà tó bá jẹ́ lítà mẹ́wàá péré ni ẹ lò fún ara yín lọ́dún. Ohun tó lè gbà yín níbẹ̀ ni kí ẹ dá gbogbo owó epo tí ẹ lò fún ara yín padà fún kọ́ńpìnì kó tó di ọjọ́ 6 oṣù Keje lẹ́yìn tí ọdún owó-orí bá parí.

Wakọ̀wọ̀gbẹ́

Mo ka èyí sókè fún ìyàwó mi lórí tábìlì oúnjẹ, àwa méjèèjì ò lè sọ̀rọ̀. £9,990! Ọmọ yẹn ò dárúkọ ẹ̀ rárá. Ẹ ṣeun, ọ̀gá mi.

Tí mo bá wá ra àlòkù ńkọ́? Mo rí irú rẹ̀ kan tó ti lo ọdún mẹ́fà, £18,000 ni wọ́n ń tà á. 37% nínú £18,000 ò lè pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Àǹtí Olódòdó

Ẹ dúró ńbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ibi tí mo ti ṣubú gan-an nìyẹn, mi ò sì fẹ́ kó ṣe ẹlòmíì.

Òdòdó àti koríko àgbàlá ni mò ń tọ́jú fún àwọn onílé. Mo ra jíìpù àlòkù ní £16,500 lórúkọ kọ́ńpìnì. Akáńtáǹtì tí mo ní nígbà náà fi £16,500 kún fọ́ọ̀mù P11D, ìyẹn ìwé tí kọ́ńpìnì fi ń sọ àwọn àǹfààní tó fún èèyàn fún ìjọba. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni mo gbé ìwé mi kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹni tuntun ló rí i. Iye tí èèyàn san kọ́ ni wọ́n ń lò. Iye orí ìwé ọkọ̀ náà lọ́jọ́ tó jáde ní tuntun ni, pẹ̀lú VAT, pẹ̀lú owó gbígbé e wá, pẹ̀lú àwọn àfikún tí wọ́n ṣe sí i. Ti jíìpù mi jẹ́ £57,000. Èmi rò pé £6,105 ni wọ́n á kà mọ́ mi lọ́rùn lọ́dún, £21,090 ni. Owó ọdún méjì ni mo san pọ̀, tòun ti èlé. Mo ta ọkọ̀ náà láti fi san án.

Torí náà, àlòkù £18,000 yẹn, ẹ wá iye tó jẹ́ ní tuntun kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta

Mo bá yín kẹ́dùn, àǹtí. Wakọ̀wọ̀gbẹ́, ẹ sọ pé ẹ máa ń gbé àwọn ọmọ lọ sílé ìwé. Ṣé ẹ ń gba owó ọmọ lọ́wọ́ ìjọba? £22,200 yẹn kan ìyẹn náà. £50,270 ló ń wọlé fún yín báyìí, owó ọmọ yín pé. Tí ẹ bá fi £22,200 lé e, ó di £72,470. Láti £60,000 sókè, £200 kọ̀ọ̀kan ń gba 1% owó ọmọ padà. Tiyín á lọ ní 62%. Ọkọ mi ò mọ̀ títí ìwé fi dé.

Oníṣirò

Òótọ́ pọ́ńbélé ni ìyá yìí sọ. Ó yẹ kí n ti dárúkọ ẹ̀.

Baba Píkọ́ọ̀pù

Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Tèmi nìkan ni mo mọ̀ ni mo fi gbà yín nímọ̀ràn, mo sì ti fẹ́ tì yín sí kòtò. Oníṣirò, ẹ ní òfin tí mo rà á lábẹ́ rẹ̀ ti yí padà. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí píkọ́ọ̀pù? Ṣé tèmi ti 2022 ti di ayọ́kẹ́lẹ́ ni? Àbúrò ìyàwó mi náà buwọ́ lùwé láti ra tirẹ̀ lọ́jọ́ 3 oṣù Kẹrin 2025, oṣù Kẹfà ni wọ́n gbé e fún un.

Oníṣirò

Ọ̀rọ̀ píkọ́ọ̀pù onílẹ̀kùn mẹ́rin gùn. Láyé àtijọ́, èyí tó bá ti lè gbé ẹrù tó tó tọ́ọ̀nù kan, ọkọ̀ ẹrù ni ìjọba kà á sí, láìbéèrè nǹkan mìíràn. Ní 2020, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá ẹjọ́ tó wà láàárín HMRC, àjọ tó ń gba owó-orí, àti Coca-Cola European Partners. Kì í ṣe píkọ́ọ̀pù ló wà níbẹ̀, àwọn ọkọ̀ Volkswagen Kombi àti Vauxhall Vivaro tó ní ìjókòó kejì lẹ́yìn awakọ̀ ni. Ilé ẹjọ́ ní ọkọ̀ tó bá èèyàn mu tó sì bá ẹrù mu bákan náà, a ò lè sọ pé ẹrù ni wọ́n dìídì kọ́ ọ fún. Ayọ́kẹ́lẹ́ ni. Láti ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ píkọ́ọ̀pù ti ń mì. Ọjọ́ 12 oṣù Kejì 2024, HMRC kéde pé òun máa yí i padà. Ọjọ́ 19 oṣù náà, wọ́n dá a padà. Ìgbà tó di ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá 2024, ìsúná ìjọba wá fìdí rẹ̀ múlẹ̀: láti oṣù Kẹrin 2025, ayọ́kẹ́lẹ́ ni púpọ̀ nínú wọn.

Baba Píkọ́ọ̀pù, ọkàn yín balẹ̀. Ọkọ̀ tí ẹ ti rà, tí ẹ ti gbà háyà, tàbí tí ẹ ti buwọ́ lùwé rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin 2025, wọ́n á ṣì máa kà á sí ọkọ̀ ẹrù fún owó-orí àǹfààní títí ẹ fi máa tà á, tàbí títí háyà rẹ̀ fi máa parí, tàbí títí di ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin 2029, èyí tó bá kọ́kọ́ dé.

Ti àbúrò ìyàwó yín gba kí a tẹjú mọ́ ọn, torí ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin bọ́ sáàárín òfin méjì. Fún owó-orí àǹfààní, ọjọ́ 6 ni ààlà, ó ti ṣáájú rẹ̀, ó wọlé. Ṣùgbọ́n fún owó-orí kọ́ńpìnì, ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ni ààlà: ìwé tí wọ́n bá buwọ́ lù ṣáájú ọjọ́ náà, tí wọ́n sì náwó rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 2025, ni ó ṣì lè gba AIA. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi pẹ́. Òun fúnra rẹ̀ á máa san owó-orí bí ẹni tó ń wa ọkọ̀ ẹrù, kọ́ńpìnì rẹ̀ á sì máa yọ 6% bí ẹni tó ra ayọ́kẹ́lẹ́. Ẹ bá a sọ ọ́ kí wọ́n tó ṣe ìwé owó ọdún yìí, torí mo mọ̀ pé ẹni tó ń kánjú á ti kọ ọ́ sí AIA.

VAT ní tirẹ̀ ò yí padà: tọ́ọ̀nù kan náà ni wọ́n ṣì ń wò. Tí ẹ bá wá fẹ́ gbé òrùlé líle lé ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù, wọ́n á yọ kìlógíráàmù 45 kúrò nínú ohun tó lè gbé. Èyí tó lè gbé kìlógíráàmù 1,010 á di 965, VAT rẹ̀ ò sì ní padà wá mọ́. Òrùlé kan ṣoṣo!

Àtàtà

Ẹ̀yin àgbà, ṣé kò rọrùn kí kọ́ńpìnì kàn kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ lo jíìpù náà fún nǹkan tara rẹ̀? Ìwé kan ṣoṣo, olùdarí buwọ́ lù ú, ó parí.

Oníṣirò

Kò parí, Àtàtà. Ìwé nìkan ò tó. Wọ́n gbọ́dọ̀ ṣòfin pé ẹ ò gbọ́dọ̀ lò ó, kó sì jẹ́ pé ẹ ò lò ó lóòótọ́. Ìnṣọ́ránsì rẹ̀ á jẹ́ ti iṣẹ́ nìkan, kọ́kọ́rọ́ á wà níbi iṣẹ́, ìwé máìlì á wà nínú ọkọ̀ tí wọ́n ń kọ lójoojúmọ́. Ẹni tó jẹ́ pé ilé rẹ̀ ni ọ́fíìsì rẹ̀, tí jíìpù kan ṣoṣo tí ìdílé ní wà lẹ́nu ọ̀nà, báwo ló ṣe fẹ́ fi hàn pé òun ò fi ra búrẹ́dì lọ́jọ́ Àìkú? Wakọ̀wọ̀gbẹ́ ti sọ òótọ́ fún wa níbẹ̀rẹ̀ pé òun máa lò ó. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni kọ ìwé tó ta ko ohun tó ń ṣe.

Alátẹ́lẹwọ́

Oníná mànàmáná ńkọ́? Tèmi, 3% péré ni wọ́n fi ń ṣe ìṣirò rẹ̀ ní 2025/26. Jíìpù oníná tí iye orí ìwé rẹ̀ jẹ́ £70,000, £2,100 ni wọ́n á kà mọ́ ọ lọ́rùn. Tó bá jẹ́ tuntun, kọ́ńpìnì yọ gbogbo owó rẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́. Iná tí wọ́n fi ń gba agbára sí bátìrì rẹ̀ kì í ṣe epo lójú òfin, nítorí náà kò sí ìyà epo yẹn.

Wakọ̀wọ̀gbẹ́

Mo rò ó, bọ̀ọ̀dá. Mo máa ń fa tírélà tó kún fún òpó gun òkè, oko tó jìnnà sí gbogbo ibi tí wọ́n ti ń gba iná. Lọ́jọ́ tí bátìrì bá kú mọ́ mi lórí òkè yẹn nínú òjò, owó-orí kọ́ ni máa rántí. Tó bá jẹ́ pé ìgboro ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ni, òun ni ǹ bá rà.

Mo tún béèrè: tí mo bá fi owó ara mi ra àlòkù £18,000 yẹn ńkọ́?

Oníṣirò

Òun ló dára jù fún ọ̀pọ̀ kọ́ńpìnì kékeré, mo sì máa ń sọ ọ́ títí ó fi ń sú àwọn oníbàárà mi. Ọkọ̀ jẹ́ tiyín, ẹ máa wà á síbi tó bá wù yín. Kọ́ńpìnì á san 45p fún yín lórí máìlì iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan títí dé máìlì 10,000 lọ́dún, 25p lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ ò ní san owó-orí kankan lórí rẹ̀, kọ́ńpìnì á sì yọ ọ́ kúrò nínú èrè. Máìlì 9,000 jẹ́ £4,050. Wàhálà rẹ̀ ni pé owó tí ẹ máa fi rà á, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà á jáde nínú kọ́ńpìnì kí ẹ sì san owó-orí rẹ̀. Àti pé 45p yẹn ló wà fún epo, táyà àti àtúnṣe pọ̀. Ẹrẹ̀ tí ẹ ń sọ yẹn máa ń jẹ táyà.

Àǹtí Olódòdó

Nígbà tí mo ta tèmi, èyí tí kò ní ìjókòó lẹ́yìn ni mo rà. Jíìpù náà ni, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń yí, ṣùgbọ́n irin ni wọ́n fi dí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn, kò sí fèrèsé níbẹ̀. Land Rover ń ta irú rẹ̀, Defender Hard Top. Ẹ ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn, ilẹ̀ pẹrẹsẹ lẹ máa rí, pẹ̀lú àwọn òrùka irin tí wọ́n fi ń so ẹrù. Mo ń kó àpò ilẹ̀dú sí i, omi ń jò sílẹ̀, mo fi páìpù fọ̀ ọ́. Oníṣirò, ẹ bá mi ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn.

Oníṣirò

Ìyẹn ni ọkọ̀ ẹrù tòótọ́, kò sí iyàn níbẹ̀. VAT rẹ̀ máa ń padà wá, tí ẹ bá wà nínú ètò VAT. Tí ẹ bá lò ó díẹ̀ fún ara yín, ẹ yọ ìpín yẹn sílẹ̀. AIA kàn án. Ká ní ó jẹ́ £48,000 láìka VAT, èrè yín á wálẹ̀ láti £90,000 sí £42,000, owó-orí kọ́ńpìnì á sì dín ní £12,120 lọ́dún yẹn. Lọ́jọ́ tí ẹ bá tà á, owó tí ẹ tà á máa padà sínú ìṣirò, nítorí náà ẹ má kà á sí ọ̀fẹ́.

Ní ti ẹ̀yin fúnra yín, àǹfààní ọkọ̀ ẹrù jẹ́ £4,020 ní 2025/26, iye yòówù kí ọkọ̀ náà jẹ́. Tó bá sì jẹ́ pé iṣẹ́ àti ilé-síbi-iṣẹ́ nìkan lẹ fi ń ṣe, tí nǹkan tara ẹni ò ju kí ẹ lọ da pàǹtí nù lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, òfo ni. Ilé ìwé lójoojúmọ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ò sí nínú ìyẹn o.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín gé fèrèsé sí ẹ̀yìn rẹ̀ tàbí kó gbé ìjókòó sí i. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ti sọ ọ́ di ayọ́kẹ́lẹ́, VAT tí ẹ gbà á sì di gbèsè.

Wakọ̀wọ̀gbẹ́

Mo dé, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi wò ó.

Mo mú òpó mẹ́ta àti ìdì wáyà kan dání lọ síbi tí wọ́n ti ń ta èyí tí kò ní fèrèsé. Mo ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn, mo tì wọ́n wọlé. Òpó yọ orí síta díẹ̀, ìdì wáyà jókòó dáadáa lẹ́yìn awakọ̀. Ìyàwó mi ní mọ́tò kékeré tirẹ̀ tó ti wà nílẹ̀ á máa gbé àwọn ọmọ lọ sílé ìwé, òun la ó sì máa gbé lọ ṣọ́ọ̀ṣì. A ò fi orúkọ kọ́ńpìnì kan ìyẹn rárá.

Ẹni tó ń tà á tún bi mí bóyá mo fẹ́ kí wọ́n fi ìjókòó kún un lẹ́yìn, pé owó kékeré ni. Mo ní rárá. Ọjọ́ Ajé ni mo ń lọ san àsansílẹ̀. Mo ti ní kí wọ́n kọ ìwé owó sórúkọ kọ́ńpìnì, kí VAT dá wà lórí ìlà tirẹ̀.

Oníṣirò

Ó dára gan-an. Ẹ ra ìwé kékeré kan sínú rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé e, kí ẹ kọ nọ́ńbà máìlì tó wà lójú rẹ̀ kí ẹ tó kúrò nínú ọgbà wọn. Tí kọ́ńpìnì bá ní P11D láti fi ránṣẹ́, ọjọ́ 6 oṣù Keje ni.

Baba Píkọ́ọ̀pù

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ fún wa tó bá ti wọ ẹrẹ̀. Mo ti pe àbúrò ìyàwó mi. Ó ti kọ ọ́ sí AIA lóòótọ́, ó ń pe akáńtáǹtì rẹ̀ lọ́wọ́ báyìí.